Fèrèsé Tí N Kò Yà

Kí n tó sọ bí mo ṣe wọ iṣẹ́ fótò àti bí mo ṣe jáde níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á dé àárín kó wá rò pé mo ń gbé ara mi ga. N kò kí ìyá àgbàlagbà kan nígbà tó yẹ kí n kí i. Nígbà tí kò sì yẹ kí n kí i, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ohun tó ti ibẹ̀ yọ ni pé ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní Abẹ́òkúta yìí lónìí tí fèrèsé tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, gbogbo ìjọ sì gbà pé tirẹ̀ ni. Ẹ̀bi mi ni. Kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀gá mi, kì í sì í ṣe ti ìyá náà.

Mo mọ̀ pé àwọn tó sábà máa ń kọ ìtàn iṣẹ́ ayé wọn ti hewú. Èmi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti parí lọ́wọ́ mi, n kò sì ní padà sí i mọ́, nítorí náà mo lè sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Bí ẹ bá rí ibi tí gbólóhùn mi ti wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe lẹ́nu yín.

Bàbá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Fílípì ní Igbein, ní ọdún díẹ̀ kí ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n san àti ohun tí wọ́n gbé dání kò ní ẹ̀kọ́ kankan nínú. A bá ọ̀gá mi nídìí kámẹ́rà onígi ńlá kan, ó fi aṣọ dúdú borí, kò sì yọ orí jáde títí bàbá mi fi kí i tán lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá mi ti ń bínú bọ̀. Nígbà tí ọ̀gá mi jáde, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní iṣẹ́ òun ni kì í jẹ́ kí òun rí ẹnu dáhùn. Bàbá mi sọ fún mi lójú rẹ̀ pé kí n kọ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kí n má kọ́ ìyẹn mọ́ ọn.

Àwọn tó ń ya ènìyàn pọ̀ nílùú wa. Ẹ ó jókòó sórí àga, ẹ ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, aṣọ tí wọ́n ya òdòdó sí yóò wà lẹ́yìn yín. Ọ̀gá mi náà ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó mú kí wọ́n máa wá a láti ọ̀nà jíjìn ni yíya inú ilé: inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, inú gbọ̀ngàn àwọn ilé ńlá tí àwọn àgbà kọ́ kí wọ́n tó bí bàbá wa, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti rí ọ̀nà wọlé ju ojú fèrèsé kan tàbí méjì lọ.

Ẹ wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán, kí ẹ dúró díẹ̀. Ojú yín á kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà ẹ ó rí òpó, ẹ ó rí àga, ẹ ó rí àjà òkè. Ojú ènìyàn máa ń fara balẹ̀ wá nǹkan. Kámẹ́rà kò ní irú sùúrù yẹn. Bí ẹ bá ṣí ojú rẹ̀ pẹ́ kí òpó lè yọ, fèrèsé á jó di funfun báláú, bí ìgbà tí wọ́n da ògì lé e lórí. Bí ẹ bá sì tètè pa á dé kí fèrèsé lè yọ, gbogbo inú ilé á dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn máa ń mú ọ̀kan, wọ́n á fi èkejì sílẹ̀. Ọ̀gá mi kò gbà láti fi ìkankan sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣe nìyí. Awo gíláàsì, èyí tí kámẹ́rà ń tẹ àwòrán sí, méjì ló máa ń lò fún àwòrán kan, kámẹ́rà kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lójú kan náà. Awo kìíní, á ṣí ojú kámẹ́rà fún un pẹ́, nígbà mìíràn kí ènìyàn ka ọ̀ọ́dúnrún, kí gbogbo kọ̀rọ̀ ilé lè wọ inú rẹ̀. Awo kejì, kíkà méjìlá péré, fún fèrèsé nìkan. Nígbà tí a bá dé yàrá dúdú tí a ti ń fọ fótò, á gé pépà dúdú bí fèrèsé ṣe rí gẹ́lẹ́, á fi bo ojú fèrèsé lára awo kìíní, á tẹ inú ilé sórí pépà fótò. Lẹ́yìn náà á gbé awo kìíní kúrò, á gbé awo kejì sí i, á bo gbogbo ibi yòókù, á wá tẹ fèrèsé sí àyè tí ó fi sílẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣe déédé, ẹ kò ní rí ojú oríkèé, ibi tí méjèèjì ti pàdé. Ẹ ó rí ilé náà bí ẹni tó dúró sínú rẹ̀ ní wákàtí kan ṣe ń rí i.

Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan kámẹ́rà. Òkúta ni mo ń wò. Ó so òkúta kékeré kan mọ́ okùn, ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri, ó ní kí n máa kà bó ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀. Tí mo bá ti kà á mọ́ra, á ní kí n kọjú sí ògiri kejì, kí n ka ọgọ́rùn-ún lọ́kàn, òun á máa wo òkúta. Bí mo bá yára, á ní, “Ebi ń pa ẹ́.” Bí mo bá falẹ̀, á ní, “O ti yó jù.” Kì í nà mí. Ó kàn máa ń sọ pé kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì péré ló kù kó pé ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ojú ara yín wò ó, lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́fà. Pàṣán ìbá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ oníṣẹ́ kan ní Láfẹ́nwá tó máa ń fi orin ìsìn ka tirẹ̀. Ọ̀gá mi ní ẹni tó bá ń kọrin máa ń sáré níbi tí orin bá ti dùn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn òkúta ni dígí. Bí kọ̀rọ̀ kan bá ṣókùnkùn jù, èmi ni mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí màá fi dígí gba oòrùn, tí màá sì ju ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sínú kọ̀rọ̀ náà. N kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dúró lójú kan, torí bó bá dúró, ojú ibẹ̀ á tàn yàtọ̀. Mo gbọ́dọ̀ máa gbá a kiri ni, bí ẹni tó ń fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, bí mo bá ní kí n sọ òtítọ́.

Ohun tó kù ni ìkíni, òun ló sì pọ́n mí lójú. Nígbà tí ojú kámẹ́rà bá wà ní ṣíṣí, ọ̀gá mi kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ sì mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Kò sí ẹni tó máa rí ènìyàn nídìí iṣẹ́ tí kò ní kí i, kò sì sí àgbà tó máa kí ọmọdé tí ọmọdé ò dáhùn tí kò ní di ọ̀rọ̀. Àbúrò bàbá mi wọlé bá wa níbi tí a ti ń ya inú ilé ẹbí kan, ó kí mi, mo dákẹ́, mo ń ti dígí kiri. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbọ́ nílé wa pé fótò ti sọ mí di òyìnbó.

Ọ̀gá mi wá kọ́ mi ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kó tó ṣí ojú kámẹ́rà, á fi ohun gbogbo sílẹ̀, á jáde, á yí ilé náà ká. Gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí, ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń tún àpò ṣe, ẹni tó kàn jókòó, á dọ̀bálẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, “Mo ti kí yín sílẹ̀ o. Bí ẹ bá bá mi nínú ilé tí mo dákẹ́, ẹ dákun, ẹ fi ti ìsìnyí rọ́pò.” Àwọn àgbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ṣàdúrà fún un, kò sì sẹ́ni tó máa wọlé. Nígbà mìíràn ìkíni náà máa ń pẹ́ ju fótò fúnra rẹ̀ lọ. Mo rò nígbà náà pé ìwà ọmọlúàbí lásán ni. Ọdún bíi mẹ́jọ kọjá kí n tó mọ̀ pé ara irinṣẹ́ ni.

Ogun dé, awo gíláàsì wọ́n. Èyí tí a bá ti lò, tí ẹni tó ni ín kò béèrè rẹ̀ mọ́, a ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, a sì ń tà á fún àwọn tó ń ṣe fèrèsé. Ìyẹn dùn mí nígbà kan: mo mọ ilé kan tó jẹ́ pé gíláàsì tó ti gbé ojú àwọn òkú rí ló wà lára fèrèsé wọn, wọn ò mọ̀. Ogun parí, nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ dé pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré tó ṣeé gbé kọ́ ọrùn, tí fíìmù inú rẹ̀ rọ̀ bí ewé. Wọ́n ní ìyẹ̀fun iná tó máa bú lẹ́ẹ̀kan tí gbogbo ilé á funfun. Ọ̀gá mi gbìyànjú rẹ̀ nínú ilé kan, ó fa èéfín sí àjà, òpó sì rí bíi pé wọ́n ti gé e kúrò lára ògiri. Ó ní kò sẹ́ni tó ti gbé inú irú ilé yẹn rí. Kò tún dán an wò mọ́.

Nígbà yẹn mo ti gba fírídọ̀mù, mo kàn ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀ ni, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, èmi ni mò ń ṣe iṣẹ́ yàrá dúdú. Báyìí ni a ṣe dé ibi ṣọ́ọ̀ṣì tí mo sọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àpáta. Lókè pẹpẹ, fèrèsé onígi ńlá kan wà, èyí tí káfíńtà àkọ́kọ́ ìjọ náà gbẹ́. Ìlà oòrùn ló kọjú sí. Nítorí náà, ní àkókò ìsìn òwúrọ̀, oòrùn á ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sí ojú gbogbo ìjọ, wọn ò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Ẹ bi wọ́n bí igi inú rẹ̀ ṣe tò, wọn ò lè sọ. Àpáta kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ibi dúró wò ó láti ìta. Ògiri ẹ̀yìn ti là, ìgbìmọ̀ ìjọ fẹ́ wó o kí wọ́n tún un mọ, ikán sì ti jẹ fèrèsé náà débi pé kò ní ṣeé tún gbé sókè. Wọ́n ní kí a yà á kí wọ́n tó wó o, kí káfíńtà tuntun lè wò ó ṣe irú rẹ̀. N kò lè sọ pé n kò mọ ohun tí fótò náà wà fún. Pásítọ̀ sọ ọ́ létí mi.

Ibà dá ọ̀gá mi dúró lọ́jọ́ náà. Awo gíláàsì méjì ló kù fún wa nílé. Ó kó o lé mi lọ́wọ́ láti orí ẹní, ó ní kí n má jẹ́ kí ilẹ̀ mì, kí n má jẹ́ kí kíkà sáré, kí n sì kí gbogbo èèyàn kí n tó ṣí i.

Mo dé ibẹ̀ ní àárọ̀. Àwọn káfíńtà ti gbé àkàbà ti ògiri, wọ́n ń dúró dè mí, òjò sì ń ṣú. Mo rí ìyá kan lẹ́yìn ilé tó ń pọn omi sínú péèlì, mo mọ̀ pé òun ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ó jìnnà. Mo ní mo ti di ọ̀gá fúnra mi, n kò ní máa fi dídọ̀bálẹ̀ yí ilé ká bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Mo wọlé. Mo ṣe awo kìíní, mo ka ọ̀ọ́dúnrún, ó dára. Mo fi awo kejì sí i, mo ṣí ojú kámẹ́rà. Mo ka márùn-ún.

Ìyá náà gba ẹnu ọ̀nà yàrá alùfáà wọlé, péèlì lọ́wọ́ kan, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Ó ní, “O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?”

Bí ẹ bá bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ẹ̀kọ́ ọ̀gá mi, n kò mọ̀. Kí n tó ronú, àyà mi ti kan ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kan ẹsẹ̀ kámẹ́rà lẹ́yìn, mo gbọ́ bó ṣe yẹ̀ lórí pákó. Ìyá náà dúró lé mi lórí, ó ń ṣàdúrà: màá dàgbà, màá di arúgbó, ọmọ mi á kí ẹlòmíràn bí mo ṣe kí òun. Ó ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Mo fi ìdérí pa ojú kámẹ́rà dé. Bí mo bá jáde sọ fún àwọn káfíńtà pé nǹkan ti bàjẹ́, kí wọ́n fún mi di ọ̀la kí n wá awo mìíràn, wọn á kùn, ṣùgbọ́n wọn á gbà. Olórí wọn yọjú, ó ní, “Fótò, ṣé ó ti parí? Òjò ń bọ̀ o.”

Mo ní, “Ó ti parí, sà.”

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fa fèrèsé náà wálẹ̀. Kò tíì kan ilẹ̀ tó fi fọ́ sí ìyẹ̀fun. Wọ́n fi apá tó kù dáná.

Nínú yàrá dúdú, awo kìíní mọ́ kedere. Èkejì jẹ́ igi lórí igi, ìlà lórí ìlà, bí nǹkan tí ọ̀mùtí ń wò. N kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo da omi gbígbóná sí i, mo fọ̀ ọ́ títí ó fi di gíláàsì lásán. Lẹ́yìn náà mo wá inú àpótí àwọn awo àtijọ́ ọ̀gá mi, mo rí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tí ìbú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Àgbélébùú kan ló wà láàárín rẹ̀, nínú òbírípo. Mo gé pépà dúdú, mo tẹ̀ ẹ́ sí i. Ọwọ́ mi kò tíì dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú oríkèé kò hàn rárá.

Ọ̀gá mi gbé e súnmọ́ ojú, ó mú dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Èyí dára.” Ní gbogbo ọdún tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, kò sì tún sọ ọ́ mọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.

Ó tó bíi ọdún kan kí wọ́n tó parí ògiri náà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí fèrèsé tuntun, wọ́n ní kí n wá ya ìjọ. Ìsìn parí, àwọn ènìyàn ń kí ara wọn, ìyá tó ń gbálẹ̀ wá síwájú pẹpẹ ó dúró, ó gbé ojú sókè. Ìyá Rákẹ́lì ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ni káfíńtà tó gbẹ́ fèrèsé àtijọ́. Ó sọ fún Pásítọ̀ jẹ́jẹ́ pé fèrèsé náà kò jọ ti bàbá òun. Ó ní ìtànṣán oòrùn ni bàbá òun gbẹ́ sí i, kì í ṣe àgbélébùú.

Pásítọ̀ kò bú u. Ó ní kí wọ́n gbé fótò wá láti yàrá alùfáà. Wọ́n gbé e wá nínú férémù rẹ̀, wọ́n gbé e sójú ìyá náà. Àgbélébùú nínú òbírípo. Àwọn àgbà méjì kan tó ti ń mi orí pẹ̀lú ìyá náà tẹ́lẹ̀ wo fótò, wọn ò sì mi orí mọ́. Bàbá ìjọ wọn, tó máa ń dẹ́rìn-ín pa ènìyàn, ní, “Ìyá Rákẹ́lì, àbí àgbélébùú gan-an ni ẹ ò fẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì?” Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èmi ni mò ń nù ún. Ẹ̀yin ń rí oòrùn, èmi ń rí igi. Ìtànṣán méje ni. Ìkẹta láti ọwọ́ òsì kúrú, torí igi yẹn là mọ́ bàbá mi lọ́wọ́, kò sì rí òmíràn.”

Bàbá ìjọ wá nawọ́ sí mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú kámẹ́rà. “Ẹni tó yà á nìyí. Fótò, kí lo bá níbẹ̀?”

Gbogbo wọn yíjú. Mo ní, “Ohun tó bá wà níwájú kámẹ́rà ni kámẹ́rà ń yà, sà.”

Ẹ tún un kà. Kò sí irọ́ kan nínú gbólóhùn yẹn, òun sì ni irọ́ tó burú jù tí mo pa láyé mi. Ìyá náà wò mí, ó dá mi mọ̀. Ó ní, “Ọmọ tó mọ ènìyàn kí yẹn ni.” Ó ká etí ìró rẹ̀ mọ́ra, ó lọ jókòó.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó má baà ṣubú. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni, wọ́n sì sọ ọ́ pẹ̀lú àánú. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin rẹ̀ wá mú un lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀.

Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Omi oògùn fótò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Awọ àárín ìka á là, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n sọ fún mi nílé ìwòsàn pé kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ fún ènìyàn nìyẹn bí wọ́n bá bi mí, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó bó ni mo ti ń bẹ̀rù yàrá yẹn. Mò ń ta pákó báyìí ní Láfẹ́nwá. Pákó kò ní kí ènìyàn dá nǹkan pọ̀ tí kò bá ara rẹ̀ lọ.

Kí n tó kó ẹrù mi, mo lọ bá ọ̀gá mi. Ó ń jẹ àgbàdo sísè lẹ́yìnkùnlé. Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí péèlì dé orí omi gbígbóná. Mo rò pé á ju àgbàdo náà lù mí. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi kan apá tí kò ní ọmọ mọ́, ó wá bi mí pé, “Ṣé o kí wọn kí o tó ṣí i?”

Mo ní, “Rárá, sà.”

Ó ní kí n má wá máa sọ fún òun, òun kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé nítorí orúkọ òun tó wà lábẹ́ fótò ni mo ṣe ń falẹ̀, òun fún mi láṣẹ, kí n lọ sọ ọ́.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Mo bá Ìyá Rákẹ́lì níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé ọmọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì wà nílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo dé ibi tó ti wọlé tó kí mi, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

“Ìkíni mi ló bà á jẹ́?”

“Rárá, mà. Èmi ni n kò kọ́kọ́ kí yín.”

“Ṣé kí n wá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí n má kí i ni?”

“Rárá, mà.”

Ó tún bó ẹ̀gúsí bíi mélòó kan. Ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé orí òun ti dàrú lóòótọ́. Ó ní bí òun bá pajú dé láti ka ìtànṣán bàbá òun báyìí, nígbà mìíràn òun á rí mẹ́fà, nígbà mìíràn mẹ́jọ, nígbà mìíràn àgbélébùú yẹn náà á sì wà láàárín rẹ̀. Ó wá tẹjú mọ́ mi. “Ìwọ tó dúró níwájú rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mélòó lo rí?”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń mú ohun tó wà nínú òkùnkùn àti ohun tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ kí méjèèjì lè hàn. Mo ní, “N kò mọ̀, mà. N kò wò ó.”

Kò bínú. Ìbá yá kó bínú. Ó bi mí ta ni mo ti sọ fún, mo ní ọ̀gá mi, àti òun. Ó ní, “Àwa méjèèjì kọ́ la rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. N kò ní kí wọ́n yọ fèrèsé wọn. Kí wọ́n kàn mọ̀ pé n kò sọ ìsọkúsọ.” Mo ní màá ṣe é kí ìkórè tó dé. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ bù mí lóúnjẹ, mo sì jẹ ẹ́.

Ìkórè ti dé, ó ti lọ. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni mo ti lọ jókòó sí àga ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Lẹ́yìn ìkéde, Pásítọ̀ máa ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ fún ìjọ. Á dúró díẹ̀. Mo mọ bí ó ṣe ń dúró pẹ́ tó, torí mo máa ń kà á: mẹ́jọ, tàbí mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà á ní kí a dìde kọrin, èmi náà á sì dìde pẹ̀lú wọn.

Ìyá Rákẹ́lì ṣì wà láàyè. Ọmọ rẹ̀ ń wá sí Láfẹ́nwá lọ́jọ́ ọjà, ó sì máa ń sọ fún mi pé ìyá ní kí òun bi mí bóyá iṣẹ́ tí òun rán mi ti parí. Mo ní kó bá mi kí wọn. Gbèsè ọ̀rọ̀ ni, ẹnu lásán ni a fi ń san án, n kò sì tíì san án. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ti fi ohun tí mo kọ yìí san án: ẹ padà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ẹ ó rí i pé n kò dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà.